Aṣọ Tí Ìka Ọmọ Dá Lu

Ndogbong, Douala
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá

Àdùkẹ́ mi, ọmọ tí ẹ̀yìn mi ṣì mọ bí ó ti wúwo tó,

Mo kí ọ. Mo kí Mùtíù, ọkọ rẹ. Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù pé ẹ ti kó dé Ìlọrin, pé ilé tí ẹ gbà tura, pé ilé ẹ̀kọ́ tí o ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ náà kò kún ìlà méjì. Mo kà á, mo tún un kà, bí ẹni tó yí ẹ̀yìn aṣọ padà láti wo ibi tí òwú ti wá.

Ǹ bá gba ohùn mi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí ọ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Bí mo bá ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, tí mo bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ṣe kókó, ìgbà náà ni màá béèrè bóyá tòmátì ti wọ́n. Lórí ìwé, mo lè dúró, kí n mí, kí n padà síbi tí mo sá fún. Àlàájì Sálámì, ọ̀rẹ́ Ràímì àbúrò mi, ń lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun ni mo bẹ̀ pé kó fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́.

Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Má jáyà, kì í ṣe àìsàn. Àárẹ̀ ibi tí èèyàn kò tíì mọ̀ ni. Mo ní láti ronú kí n tó kí èèyàn, kí n ronú kí n tó gun béńsíkìn, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn níhìn-ín. Aṣọ ti máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára láti òwúrọ̀. Bí òjò bá sì rọ̀, ooru kì í lọ, ńṣe ló kàn ń rin gbingbin. Nínú ilé, bí mo bá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ," àwọn ọmọ Ràímì á fi Faransé dáhùn pé, "Bonjour, Tata." Àbígbẹ̀yìn wọn ló ń gbìyànjú jù. Mo bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ó ní, "Mo jẹun." Mo ní, "Kí lo jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sá lọ. Yorùbá rẹ̀ tán síbẹ̀.

O sì mọ̀ pé mo ti di akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí baba rẹ kú tí ilé wa ní Ẹdẹ dákẹ́, tí Ràímì ní kí n wá bá òun gbé, ó rí i pé ńṣe ni mò ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́. Ó wá sọ fún mi nípa obìnrin kan, Màdáámù Estelle, tó ń kọ́ àwọn obìnrin láti fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán, ní òkè àwọn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lẹ́yìn Marché Congo, ọjà tí òun gbé ń ta aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ yín. Ẹ lọ, ẹ ó rí èèyàn bá sọ̀rọ̀."

"Mi ò gbọ́ Faransé, Ràímì."

"Abẹ́rẹ́ náà ò gbọ́ Faransé."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Wọ́n ń pè mí ní "la mère", bí wọ́n ti ń pe ìyá gbogbo, lẹ́yìn náà wọ́n ń pè mí ní Nàìjíríà. Mi ò sọ̀rọ̀, mò ń wò. Mo mọ ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó parí. Mo mọ̀ pé bí iṣẹ́ ẹnìkan kò bá wu Màdáámù Estelle, yóò ní ó dára, ṣùgbọ́n yóò máa ha etí.

Iṣẹ́ ibẹ̀ nìyí. Aṣọ ńlá kan ló gba ògiri kan tán. Ìró àtijọ́, aṣọ ìbora, aṣọ àwọn ìyá àti ìyá-ìyá wọn ni wọ́n rán pọ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan mú aṣọ tirẹ̀ wá, èyí tó ti gbó, tí ẹnìkan ti tún ṣe rí. Yóò sọ ẹni tó ni aṣọ náà àti ohun tó fà á ya, àwa yòókù á máa rán bí a ti ń gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi òwú ya ohun tó rántí sára rẹ̀: ọ̀nà odò, ojú ààrò, ilé tí wọ́n ti wó. Bí o bá dúró lókèèrè, wàá rò pé àwòrán ìlú kan ni. Bí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé kò sí ìlú tó rí bẹ́ẹ̀ níbì kankan.

Báyìí, ìmọ̀ràn tí ìyá ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tuntun.

Èkíní: má ṣe fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ títún aṣọ tó ya ṣe ní Ẹdẹ, mo máa ń fi ètè di abẹ́rẹ́ mú. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ ló ká mi lára. Irọ́ ni, ìtìjú ni. Bí oníbàárà bá wọlé tó béèrè nǹkan, màá tọ́ka sí ẹnu mi, ẹlòmíràn á dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi lọ sílé ọkọ. Baba rẹ a máa sọ pé, "Yọ abẹ́rẹ́ yẹn kí n gbóhùn rẹ," nígbà tí kò sí abẹ́rẹ́ kankan lẹ́nu mi. Ìwọ náà ní tìrẹ. Tìrẹ ni "Kò sí wàhálà." O ti ń sọ ọ́ láti kékeré. O ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eyín rẹ mì, o ní kò sí wàhálà. Níbi iṣẹ́ tuntun yìí, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn lé ọ lórí, sọ pé wàhálà wà.

Èkejì: máa jẹun kí o tó kúrò nílé. Èyí kò nílò òwe.

Ẹ̀kẹta: kí àwọn ará ilé tí ẹ jọ ń gbé kí wọ́n tó kí ọ, pàápàá ìyá àgbà tó bá ń jókòó síta. Irú wọn ni yóò mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ kò ṣí lónìí. Aládùúgbò tòsí sàn ju ará ilé tó jìnnà lọ. Èmi tó ń kọ ọ́ sí ọ yìí, èmi ni ará ilé tó jìnnà yẹn.

Ẹ̀kẹrin ni mo tìtorí rẹ̀ wá ìwé àti bírò. Ó ní ìtàn nínú, fara balẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà tí a jọ ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Mà Régine. Orúnkún ló ń dùn ún, ó fẹ́ máa rí atẹ́gùn. Ó gbọ́ Píjìn. Píjìn tiwọn kò rí bíi tiwa gan-an, ṣùgbọ́n a gbọ́ra wa yé. Òun ló ń túmọ̀ Màdáámù Estelle fún mi, ó sì máa ń fi ti ara rẹ̀ kún un. Ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ mi títí.

"Nàìjíríà, ṣé o ń rán aṣọ ni àbí o ń jí òwú gbé? Mi ò rí ibi tí o gbà wọlé, mi ò rí ibi tí o gbà jáde."

Orí mi wú. Ìyìn tó ga jù nìyẹn nínú iṣẹ́ wa. Inú ìṣẹ́tí aṣọ náà gan-an la ti máa ń fa òwú yọ, ká máa hun ún kọjá lókè, kọjá nísàlẹ̀, títí ojú aṣọ yóò fi padà bí ó ti wà. Ọ̀gá mi a máa ní, "Bí olóhun bá rí ọwọ́ rẹ lára rẹ̀, o kò tíì parí." Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń pa ọwọ́ ara mi rẹ́.

Aṣọ ti Mà Régine jẹ́ ìró aláwọ̀ aró kan tó ti ṣá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ihò kan wà nítòsí etí rẹ̀ lókè, ó tó ẹyin adìyẹ. Òwú dúdú ni ó fi ń ya ọ̀nà sára rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ lọ sódò, láti odò lọ sóko. Bí ọ̀nà náà bá dé ibi ihò, yóò yí i po, yóò tún yí i po. Mo wò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ojú ìyá yìí kò ríran mọ́, kò lè dí i ni ó ṣe ń yí i ká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ ẹja sísun àti bọ́bọ́lọ́, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé wé. Mo ní ebi kò pa mí. Ebi ń pa mí. Oúnjẹ àjọjẹ ló ń rẹ̀ mí, nítorí ẹnu tí wọ́n fi ń jẹ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ku èmi nìkan, mo fa òwú nínú ìṣẹ́tí aṣọ Mà Régine, mo bẹ̀rẹ̀ sí hun. Àdùkẹ́, ọwọ́ mi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí baba rẹ ti kú. Kí n tó máa gbọ́ ẹ̀rín wọn lórí àtẹ̀gùn, ihò ti pòórá. Mo padà síjòkòó mi, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tó gbálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé.

Mà Régine jókòó, ó ń fi ìka yọ ẹja léyín. Ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ti ń lọ síbi gọ̀gọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó tún un pa. Ó gbé e sókè sójú fèrèsé.

"Ihò mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń yà á lẹ́nu. Mo nawọ́ sí àyà ara mi. "Èmi ni, Mà. Mo ti bá yín tún un ṣe."

"Ta ló rán ọ?"

Màdáámù Estelle wá wò ó. Ó ha etí, kò sì sọ pé ó dára.

Mà Régine kò kọjú sí mi. Aṣọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní Pauline ló ni ihò náà. Àkọ́bí òun. Aṣọ yìí ni òun fi ń pọ̀n ọ́n lọ sóko. Iná ta sí i, ó dá ihò tí kò ju hóró àgbàdo lọ sí i, ọmọ náà sì rí i. Bí òun bá ti pọ̀n ọ́n báyìí, yóò ti ìka bọ ihò náà, yóò máa yí i, títí ìka náà yóò fi kan òun lẹ́yìn.

"Mo máa ń gbá a lọ́wọ́. Mo ní, yéé ya aṣọ mi, ìwọ ọmọ yìí! Kò gbọ́. Ihò ń tóbi, òun náà ń tóbi." Ibà ló mú un lọ, kò tíì rìn dáadáa. "Mo bí àwọn mìíràn. Gbogbo wọn ló mọ aṣọ yìí. Kò sí èyí tó dán an wò pé òun fẹ́ dí i."

Mo nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì. Ó gba ọwọ́ mi mú. "Rárá. Ọwọ́ tí o fi dí i ni kí o fi tú u."

Mo tú u. Ohun tí mo dí láàárín ìgbà tí wọ́n fi ń jẹ ẹja, ilẹ̀ ọjọ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí n tó tú u tán, nítorí pé mo ṣe é dáadáa. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ wúruwùru ni, ǹ bá ti tètè parí. Ihò náà padà, ṣùgbọ́n kò padà bó ti rí. Etí rẹ̀ tó ti hu irun tẹ́lẹ̀ wá mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo rí ìyẹn ni ẹkún gbọ̀n mí.

Mà Régine ti ìka bọ̀ ọ́. Ó yí i, bí ọmọ yẹn ti máa ń ṣe.

"Ó kéré díẹ̀," ni ó wí. "Á tún tóbi."

Ó wá bojú wò mí. "Áṣíà, Nàìjíríà. Áṣíà."

Ọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín nìyẹn. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó ru ẹrù, fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, fún ẹni tí èèyàn kú fún. Wọn kì í fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn. Èmi tí mo ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ ni ó ń sọ áṣíà fún.

Àdùkẹ́, orí béńsíkìn tí mo gùn lọ sílé lọ́jọ́ náà ni mo ti gbọ́ ohùn ara mi. Mo gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù nígbà tí ọmọ rẹ kò dúró di ọjọ́ ìkómọ. O ní, "Màámi, ó ti lọ." Èmi, ìyá rẹ, mo ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." O wá ní, "Màámi, ó ní irun púpọ̀." Mo ní, "Má rò ó mọ́. Kó àwọn aṣọ rẹ̀ fún ẹni tó lè lò ó, kí ojú rẹ má bàa máa rí i." O ní, "Kò sí wàhálà." Láti ọjọ́ náà, ìlà kan, ìlà méjì.

O fẹ́ fi irun ọmọ rẹ hàn mí. Mo dí i mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo fa òwú tó dára jù nínú èdè wa, mo fi dí i, débi pé kò sí ẹni tó lè rí i mọ́ pé ohunkóhun ya.

Mi ò sọ pé àwọn àgbà tó pa òwe náà purọ́. Òótọ́ ni, agbè ò fọ́, mo sì ń dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ mi ní gbogbo àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún omi kò béèrè agbè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀kẹrin: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dí ihò tí o kò ní kó bá ọ dí. Ìyá ọkọ rẹ ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ ọmọ náà nínú ilé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ìfẹ́ kan náà ni èmi náà fi ṣe tèmi. Dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́, má bá a jà, ṣùgbọ́n ilé tìrẹ wà ní Ìlọrin báyìí, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o sọ nínú rẹ̀. Bí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ bá bi ọ́ bóyá o ti bímọ, ìwọ lo ni ìdáhùn. Bí o bá ní, "Mo bí ọ̀kan, ó ti lọ," o jàre. Bí o bá ní, "Ó dọwọ́ Ọlọ́run," o jàre náà. Èyí tó bá rọrùn fún ọ lọ́jọ́ náà ni kí o mú.

Mùtíù ńkọ́? Má rò pé ẹni tó dákẹ́ ti gbàgbé. Ṣé o ti bi í rí pé kí ni òun rántí? Bi í. Bí kò bá dáhùn, jókòó tì í. Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ìmọ̀ràn náà nìyẹn.

Ó ku ohun kan, kí Àlàájì tó wá gba ìwé.

Ibi tèmi lára aṣọ ńlá ni ó ṣófo jù, nítorí pé aṣọ ẹlòmíràn ni mo ń tún ṣe. Mo ti wá bẹ̀rẹ̀. Ìró tí mo fi pọ̀n ọ́ ni mo mú lọ. Mo ti ya ẹnu ọ̀nà wa ní Ẹdẹ, mo ti ya ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, mo ti ya ọ̀nà márosẹ̀ tí mo gbà wá síhìn-ín. Òwú pupa ni mo lò, ọwọ́ mi sì hàn níbi gbogbo, ó wọ́, kò gún. Mà Régine ní ó jọ ipa ẹsẹ̀ adìyẹ tó mutí yó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà wa, mo fi àyè kan sílẹ̀ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.

Ó bi mí pé, "Kí ni yóò wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Ọmọ mi ni mò ń dúró dè."

Ó ní, "Dúró."

Mo lè fi òwú dúdú rán irun, Àdùkẹ́. Mo mọ̀ ọ́n rán. Ṣùgbọ́n ta ló rán mi? Bí ó bá wù ọ́, sọ fún mi bí irun náà ti rí, bóyá ó lọ́ tàbí ó nà, bóyá ó dé iwájú orí. Sọ orúkọ tí o ti ń pè é nínú rẹ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Mo mọ̀ pé o ti ń pè é ní nǹkan kan, gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì wù ọ́, àyè náà á wà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tí yóò dí i.

Áṣíà tí mo wá gbọ́ ní ìlú onílùú yìí, a ní i nílé. Ẹnu mi ni kò rí i sọ lọ́jọ́ náà. Gbà á báyìí, kí n má fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn.

Pẹ̀lẹ́, Àdùkẹ́ mi.

Ó ní irun púpọ̀. Mo ti gbọ́.

Ìyá rẹ